Kí Àgbàdo Tó Dáyé: Ìtàn Irúgbìn Àlejò ní Òkè-Ògùn àti Àríyànjiyàn Lórí Oúnjẹ Tí A Yí Àbùdá Rẹ̀ Padà

Àṣamọ̀

Láti ìgbà tí òfin ààbò lórí irúgbìn tí a yí àbùdá rẹ̀ padà ti jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 2015, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àìmọ sáyẹ́ǹsì ló ń mú kí àwọn ènìyàn bẹ̀rù oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yìí fi ìtàn Òkè-Ògùn yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó tọ ipasẹ̀ àgbàdo, ẹ̀gẹ́, òwú, tábà àti irúgbìn "àgíríìkì", ó sì fi hàn pé àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà kì í kọ irúgbìn nítorí pé ó jẹ́ àlejò. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbà á: ìdánwò tí ó ṣojú wọn, orúkọ tí ó yé wọn, àti èso tí ó kù sí wọn lọ́wọ́ fún ọdún tí ń bọ̀. Èrò wa ni pé ibi tí ohun mẹ́ta yìí ti di àwátì ni iyèméjì òde òní ti ń fìdí múlẹ̀, àti pé iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá.

Ìfáàrà

Òwe kan wà tí ó wọ́pọ̀ ní ẹnu wa: kí àgbàdo tó dáyé, ohun kan ni adìyẹ ń jẹ. Ẹni tí a fi àìní halẹ̀ mọ́ ni ó máa ń pa á, láti fi hàn pé òun kò ní tìtorí ohun kan kú. Bí òpìtàn bá tẹ́tí sí òwe yìí dáadáa, yóò gbọ́ ohun mìíràn nínú rẹ̀. Òwe náà jẹ́rìí pé ìgbà kan wà tí kò sí àgbàdo ní ilẹ̀ yìí, pé ó dé bá adìyẹ, ó sì dé bá ẹni tí ó ni adìyẹ. Oúnjẹ tí a fi ń po ògì àárọ̀ wa, tí a sì ń pè ní ti ìbílẹ̀, ti jẹ́ àlejò rí. Èdè kò gbàgbé, bí àwa tí a ń sọ ọ́ tilẹ̀ gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì lónìí nítorí pé àlejò mìíràn ti dé ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ irúgbìn tuntun sílẹ̀ ní Nàìjíríà fọwọ́ sí irú àgbàdo mẹ́rin tí a yí àbùdá wọn padà: SAMMAZ 72T, 73T, 74T àti 75T. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá pè fún ìwádìí lórí irúgbìn bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni apá méjì ti ń sọ̀rọ̀ kọjá ara wọn. Apá kan ní àwọn ará ìlú kò mọ sáyẹ́ǹsì, pé bí a bá là wọ́n lóye, wọn yóò gbà. Apá kejì ní májèlé ni, pé àwọn òyìnbó ni ó fẹ́ fi pa wá run. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jù, ìyẹn àgbẹ̀ àti ìyàwó àgbẹ̀, kò sí nínú apá méjèèjì. Ìtàn tiwọn ni a fẹ́ tọ̀ níhìn-ín.

Òkè-Ògùn ni a ń pe ìjọba ìbílẹ̀ 10 tí ó wà ní apá àríwá àti ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, láti Ìsẹ́yìn àti Òkèihò títí dé Ṣakí, Ìgbòho, Kíṣí àti Ìgbẹ́tì. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Òjò rẹ̀ kò pọ̀ tó ti igbó kòkó, ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ sì gùn. Iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, ẹ̀gúsí àti òwú ni ilẹ̀ náà fẹ́ràn. Èlùbọ́ Ṣakí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ń jẹ àmàlà ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó. Nítorí náà, ohun tí àgbẹ̀ ibẹ̀ bá gbà tàbí tí ó bá kọ̀, ilé ìdáná àwọn ẹlòmíràn ni yóò ti hàn.

Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́: àlejò tí ó di onílé

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti wá. Òwò orí omi tí àwọn Pọtogí ń ṣe láàárín etíkun wa àti ilẹ̀ tuntun náà ni ó gbé wọn dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kò sí ọba tí ó fi àṣẹ gbé àgbàdo wọ inú ọ̀dàn, kò sì sí ẹni tí ó wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àgbẹ̀ lórí rẹ̀. Láti oko dé oko, láti ọjà dé ọjà ni ó rìn. Àgbẹ̀ tí ó bá rí irúgbìn tí kò mọ̀ kì í fi gbogbo oko rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹ̀bá oko tàbí àárín ebè iṣu ni yóò kọ́kọ́ fi í sí, yóò wo bí ó ti ń ṣe sí òjò, bí kòkòrò ti ń ṣe sí i, àti bí ó ti rí lẹ́nu. Bí ó bá pegedé, oko a gba púpọ̀ sí i ní ọdún kejì.

Àgbàdo pegedé nítorí pé ó máa ń yá. Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ó ti gbó, nígbà tí ọkà bàbà ṣì wà lórí ìdúró títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Tútù rẹ̀ ṣe é sè, ó ṣe é sun, gbígbẹ rẹ̀ sì ṣe é pa mọ́. Ó di ẹ̀kọ, ó di egbo, ó di àádùn, ó di ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Síbẹ̀, kò lé ọkà bàbà kúrò ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Àlejò àti onílé jọ ń gbé inú oko kan náà ni, bí ọ̀kan bá sì kùnà, èkejì a gba ilé là.

Ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò, ẹni tí ó bá sì jẹ ẹ́ láìṣe é bí ó ti yẹ lè bá ikú pàdé. Ìdí nìyí tí ó fi pẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tó gbilẹ̀ ní òkè ilẹ̀ Yorùbá, bí ó tilẹ̀ ti wà ní etíkun tipẹ́tipẹ́. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn tí ó padà bọ̀ láti oko ẹrú ní Bràsíìlì àti láti Sàró tan ọgbọ́n rírin, fífún àti yíyan gàrí kálẹ̀. Ní Òkè-Ògùn, ọgbọ́n láfún ni ó gbajúmọ̀ jù: a ó rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó sì sá a sórí àpáta kí oòrùn pa á. Bí a bá rin ìrìn-àjò lọ sí Ìgbẹ́tì tàbí Ṣakí ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, a ó rí àpáta tí ó funfun bí ẹni pé wọ́n tẹ́ aṣọ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí ìtàn ẹ̀gẹ́ ń wí. Ìbẹ̀rù tí àwọn baba wa bẹ ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Májèlé wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí ó sì lé ìbẹ̀rù náà lọ kì í ṣe ìwàásù bí kò ṣe ìmọ̀ tí obìnrin kan lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kí ó sì fi ahọ́n ara rẹ̀ tọ́ wò. Ìmọ̀ náà kò sí ní ìkáwọ́ ẹnìkan. Aládùúgbò kọ́ aládùúgbò, ìyá kọ́ ọmọ.

Òwú àti tábà: irúgbìn tí ó ní ọ̀gá

Ní ọdún 1902 ni àwọn oníṣòwò òwú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní British Cotton Growing Association. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ilẹ̀ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso máa gbin òwú fún ẹ̀rọ ìhunṣọ wọn. Wọ́n kó irúgbìn òwú Amẹ́ríkà wá sí ilẹ̀ Yorùbá, Moor Plantation ní Ìbàdàn sì wà lára ibi tí wọ́n ti dán an wò. Òwú náà kò bá ojú ọjọ́ wa mu. Àrùn àti kòkòrò kọlù ú, wọ́n sì padà sí orí irú òwú ìhín, wọ́n ń tún un yàn. Ní àríwá, ní agbègbè Saria, ni òwú Amẹ́ríkà ti rí ibi fìdí kalẹ̀ sí.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ ro. Òwú kì í ṣe ohun tuntun ní Òkè-Ògùn. Ìsẹ́yìn jẹ́ ìlú ahunṣọ láti ayébáyé, àwọn obìnrin ibẹ̀ ń rànwú, àwọn ọkùnrin ń hun ẹtù lórí òfì. Àgbẹ̀ tí ó gbin òwú ní ẹni tí yóò rà á ní itòsí, ẹni tí ó mọ irú òwú tí ó ṣe é ràn lọ́wọ́ àti èyí tí kò ṣe é ràn. Bí irúgbìn bá so púpọ̀ tí okùn rẹ̀ kò dára lójú aránwú, a kò lè sọ pé ó pegedé.

Ẹ̀kọ́ yìí tún wáyé ní ìgbà tiwa, kì í ṣe ní Ìsẹ́yìn ṣùgbọ́n ní Burkina Faso. Ní ọdún 2008, orílẹ̀-èdè náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbin òwú tí a fi àbùdá bakitéríà kan kún, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Kòkòrò dín kù, oògùn tí àwọn àgbẹ̀ ń fín dín kù. Ṣùgbọ́n fọ́nrán òwú náà kúrú ju ti àtijọ́ lọ, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé. Láàárín ọdún 2015 sí 2016 ni àwọn ilé-iṣẹ́ òwú ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa á tì. Ìwọ̀n fọ́nrán ni wọ́n fi dá ẹjọ́ náà, kì í ṣe ìbẹ̀rù sáyẹ́ǹsì. Aránwú Ìsẹ́yìn ìgbà àtijọ́ ìbá ti sọ bẹ́ẹ̀.

Tábà ni ẹ̀kọ́ kejì. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìgá ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1930, wọ́n nílò ewé, agbègbè Ìsẹ́yìn, Òkèihò àti Ìgbòho sì di ibi tí wọ́n ti ń rí i. Ìlànà àdéhùn ni wọ́n fi ń ṣe é: ilé-iṣẹ́ a fún àgbẹ̀ ní irúgbìn, ajílẹ̀ àti àwìn, yóò yẹ ewé wò nígbà tí ó bá gbẹ, yóò sọ ipò tí ewé náà wà, yóò sì yọ gbèsè kúrò kí ó tó sanwó. Ọ̀pọ̀ ilé ni a fi owó tábà kọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ni a sì fi rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo àgbẹ̀ tí ó ṣe é ni ó mọ bí ó ti ń rí kí irúgbìn, òṣùwọ̀n àti iye owó wà ní ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Tábà tí ilé-iṣẹ́ kò rà, a kò lè fi bọ́ ọmọ. Ìrántí yìí wà ní Òkè-Ògùn kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Monsanto.

"Àgíríìkì": láti Moor Plantation dé Ṣakí

Àwọn irúgbìn tí ìjọba àti àwọn olùṣèwádìí mú wá lẹ́yìn náà gba orúkọ kan náà ní ẹnu àwọn ènìyàn: àgíríìkì. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí iṣẹ́ ọ̀gbìn ni a gé kúrú, tí a sì sọ di ti wa. A ní adìyẹ àgíríìkì, a ní ẹ̀gẹ́ àgíríìkì. Ọ̀rọ̀ yìí pín ayé sí méjì: ti ìbílẹ̀ ní ọ̀tún, ti àgíríìkì ní òsì. Ti àgíríìkì a máa yá, a máa tóbi, ṣùgbọ́n ti ìbílẹ̀ ni ó dùn.

Kì í ṣe àṣà òfìfo ni irúgbìn wọ̀nyí fi dé. Ní ọdún 1949, àrùn kan tí ó máa ń mú ewé àgbàdo pọ́n bí irin tí ó dógùn-ún bẹ́ sílẹ̀ ní Sàró, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1950, ó ti dé Nàìjíríà. Àwọn olùṣèwádìí ní Moor Plantation ní láti wá irú àgbàdo tí àrùn náà kò lè borí, Amẹ́ríkà tí àgbàdo ti wá ni wọ́n sì padà sí láti wá ohun tí wọn yóò fi bá tiwa lò. Lẹ́yìn tí a dá IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, irú ẹ̀gẹ́ tí ó lè dojú kọ àrùn jáde láti ibẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí TMS 30572 sì wà lára àwọn tí ó tàn kálẹ̀ jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, pẹ̀lú owó Báńkì Àgbáyé, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ ọ̀gbìn fún àríwá Ọ̀yọ́ fi Ṣakí ṣe ibùjókòó, òun sì ni ó padà di OYSADEP tí gbogbo ìpínlẹ̀ mọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń gbin irúgbìn tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ kí àgbẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo níbí, ó sì yẹ kí a fi sọ́kàn. Igi ẹ̀gẹ́ ni a ń gbìn. Ẹni tí ó bá rí ìdì kan gbà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ti ní i títí ayé, ìdí nìyẹn tí ẹ̀gẹ́ àgíríìkì fi kọjá ibi tí òṣìṣẹ́ ìjọba lè dé. Àgbàdo tí a fi irú méjì bí ní tirẹ̀ máa ń so dáadáa ní ọdún kìíní. Bí àgbẹ̀ bá yọ èso nínú rẹ̀, tí ó so ó kọ́ sórí ààrò kí èéfín má jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́, bí àwọn baba rẹ̀ ti ń ṣe, èyí tí ó bá gbìn ní ọdún kejì kò ní dà bí ti ìṣáájú. Yóò ní láti tún rà. Ẹ̀gẹ́ di ọmọ onílé, àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀yà-méjì di àlejò tí ń gba owó ilé lọ́wọ́ onílé.

Irúgbìn tí a yí àbùdá rẹ̀ padà

Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ yìí, ìran àgbàdo ni a ń fi bá ìran àgbàdo lò. Ohun tí ó dé lẹ́yìn náà yàtọ̀. Nínú ilẹ̀ ni bakitéríà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bacillus thuringiensis, tí a ké kúrú sí Bt. Ó ní èròjà kan tí í pa àwọn kòkòrò kan bí wọ́n bá jẹ ẹ́, nítorí pé ó máa ń dá ìfun wọn lu. Ìfun ènìyàn kò ní ibi tí èròjà náà lè dì mọ́. Àwọn olùṣèwádìí yọ ẹ̀yà àbùdá tí ń ṣe èròjà yìí láti ara bakitéríà, wọ́n sì fi í sínú ẹ̀wà, òwú tàbí àgbàdo, tí ohun ọ̀gbìn náà fi ń dáàbò bo ara rẹ̀.

Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tí ó dá àjọ NBMA sílẹ̀ ní ọdún 2015, kí àjọ náà máa mójú tó irúgbìn bẹ́ẹ̀. Òwú Bt ni ó kọ́kọ́ gba orúkọ, ní ọdún 2018. Ẹ̀wà tẹ̀ lé e: SAMPEA 20-T, tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí IAR ní Saria ṣe pẹ̀lú àjọ AATF àti àwọn onímọ̀ láti Ọsirélíà. Ìjọba fọwọ́ sí i ní ọdún 2019, ó sì dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọdún 2021. Lẹ́yìn náà ni àgbàdo tí a ń pè ní TELA dé.

Ìṣòro tí wọ́n wá yanjú kì í ṣe ìtàn àròsọ. Kòkòrò tí ń lu èèpo ẹ̀wà lè mú kí àgbẹ̀ fín oògùn ní ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ẹ̀wà tó gbó. Àwọn tí ó ṣe SAMPEA 20-T sọ pé bí ìgbà méjì ti tó fún un, nítorí pé àwọn kòkòrò mìíràn ṣì wà tí Bt kò lè mú. Ẹni tí ó bá rò pé oògùn fínfín kò sí nínú ẹ̀wà tí kì í ṣe ti Bt, kí ó rántí pé ní ọdún 2015 kan náà tí òfin yẹn jáde ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà, nítorí dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Ní ti àgbàdo, kòkòrò kan tí ó ti Amẹ́ríkà wá ni a kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà ní ọdún 2016, tí ó sì tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà láàárín ọdún mélòó kan. Àgbàdo ti ṣáájú rẹ̀ dé ní ìwọ̀n irínwó ọdún. Ọ̀tá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá a rí ni.

Ní ti ìlera, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn oúnjẹ irú èyí tí ó wà ní ọjà àgbáyé ti gba àyẹ̀wò, kò sì ṣeé ṣe kí wọ́n wu ènìyàn léwu. Ìbẹ̀rù pé ó ń sọ ènìyàn di àgàn, tí ó wọ́pọ̀ ní ẹnu, kò ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Ó yẹ kí a sọ èyí gbangba. Ṣùgbọ́n sísọ ọ́ kò parí ọ̀rọ̀, nítorí pé ìbéèrè àgbẹ̀ kò mọ sí "ṣé yóò pa mí?"

Orúkọ ń ro ọmọ

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni a wò kí a tó sọ oúnjẹ yìí lórúkọ? Ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń lò ni àbùdá, àwa náà sì lò ó nínú iṣẹ́ yìí. Ní etí Yorùbá, àbùdá ni ohun tí a dá mọ́ nǹkan, ohun tí Ẹlẹ́dàá fi sí i. Nítorí náà, bí a bá ní "a yí àbùdá rẹ̀ padà", ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹlẹ́jọ́ tó ya ẹnu. Ẹni tí ó bá ní "a tún àbùdá rẹ̀ ṣe" ti dá a láre. Ẹni tí ó bá pè é ní "oúnjẹ àtọwọ́dá" ti dá a lẹ́bi. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ ohun tí a ṣe gan-an.

Èkejì ni pé ọ̀rọ̀ àgíríìkì ti gbé gbogbo rẹ̀ mì. Adìyẹ àgíríìkì, àgbàdo tí ó tóbi, bàrà olómi tí kò ní kóró, gbogbo wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní oúnjẹ tí a yí àbùdá rẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú wọn. Irúgbìn mẹ́ta péré ni ìjọba ti fọwọ́ sí fún gbígbìn títí di ọdún 2024: òwú, ẹ̀wà àti àgbàdo. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù adìyẹ tí ó sì ń jẹ ẹ̀wà láìbéèrè kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Èdè tí a fi bá a sọ̀rọ̀ kò ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Ọjà wa mọ bí a ti ń sọ irúgbìn lórúkọ. Ẹ̀wà olóyin ni ọlọ́jà ń pe ẹ̀wà tí ó dùn, gbogbo ẹni tí ó ń sè é ni ó sì mọ ohun tí orúkọ náà ń ṣèlérí. Ẹnu àti ìkòkò ni orúkọ bẹ́ẹ̀ ti ń wá. SAMPEA 20-T kò tí ì ní irú orúkọ yìí. Ohun tí kò ní orúkọ ní ọjà, a kò lè béèrè rẹ̀, a kò sì lè kọ̀ ọ́.

Kóńgò, ibodè àti ẹ̀tọ́ láti béèrè

Kóńgò ni a fi ń wọn àgbàdo àti ẹ̀wà ní ọjà Ṣakí. Alágbàtà a ra àpò lọ́wọ́ àgbẹ̀ púpọ̀, a dà á pọ̀, a tún un wọ̀n. Ojú lásán kò lè mọ àgbàdo TELA yàtọ̀ sí àgbàdo mìíràn. Ìlẹ̀mọ́ tí ó wà lára àpò irúgbìn kò bá èso dé inú kóńgò. Nítorí náà, ètò pé kí olùrà ka ìlẹ̀mọ́ kí ó tó yàn jẹ́ ètò ilé ìtajà ńlá ní Èkó, kì í ṣe ti ọjà Òkè-Ògùn.

Oko pàápàá kò ní ògiri. Lẹ́búlẹ́bú ìrùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo máa ń bá atẹ́gùn lọ sí oko ẹlòmíràn, ẹni tí kò gbin TELA sì lè ká ohun tí ó pín nínú rẹ̀. Ẹ̀wà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé òdòdó rẹ̀ sábà máa ń gbà láti ara òun tìkára rẹ̀. Bákan náà, àgbẹ̀ lè yọ irúgbìn lára SAMPEA 20-T fún ọdún tí ń bọ̀. Àgbàdo TELA jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀yà-méjì, rírà ni yóò máa rà á. Lóòótọ́, Monsanto gba AATF láyè láti lo ẹ̀yà àbùdá náà láìgba owó ẹ̀tọ́. Ẹni tí ó gba àyè náà kì í ṣe àgbẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, bí a bá da ẹ̀wà àti àgbàdo pọ̀ nínú àríyànjiyàn kan ṣoṣo, a ti ṣi ọ̀rọ̀ gbé. Ní ìwọ̀n tí ìtàn wa fi lélẹ̀, ẹ̀wà sún mọ́ ọ̀nà ẹ̀gẹ́, àgbàdo sún mọ́ ọ̀nà tábà.

Ibodè tún wà níbẹ̀. Ṣakí kò jìnnà sí ilẹ̀ Benin, òwò ọkà àti èlùbọ́ sì ti ń gba ibẹ̀ kọjá kí àwọn òyìnbó tó fa ìlà. Ní ọdún 2002, ìjọba Benin dá irúgbìn bẹ́ẹ̀ dúró fún ọdún márùn-ún, ó sì tún àkókò náà sọ ní ọdún 2008. Èso àgbàdo kì í gba ìwé ìrìnnà. Ohun tí Àbújá bá fọwọ́ sí, ọjà Ṣakí lè gbé e dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti fọwọ́ sí i.

Òfin ọdún 2015 fi àyè sílẹ̀ kí ará ìlú sọ èrò rẹ̀: a ó fi ìwé ìbéèrè fún àṣẹ hàn, ọjọ́ 21 ni a sì fún àwọn ènìyàn láti fèsì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì onísáyẹ́ǹsì ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́. Àgbẹ̀ Tédé tàbí Ọ̀tù tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì kò kọ̀, kò sì gbà. A kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bí ó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iyèméjì lẹ́yìn náà, a kò lè sọ pé àìmọ̀kan nìkan ló fà á.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí a tọ̀ yìí fi hàn pé Òkè-Ògùn kò kórìíra irúgbìn àlejò. Oúnjẹ àlejò ni ó ń jẹ láti ọdún gbọọrọ. Ó gba àgbàdo nítorí pé ó dán an wò fúnra rẹ̀. Ó gba ẹ̀gẹ́ nígbà tí ọgbọ́n láti bọ́ lọ́wọ́ májèlé rẹ̀ di ti gbogbo ènìyàn. Òwú òyìnbó kò bá ilẹ̀ rẹ̀ mu, ó sì fi sílẹ̀. Ó fi tábà kọ́lé, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ó ni ín. Bí irúgbìn tí a yí àbùdá rẹ̀ padà yóò bá rí ìtẹ́wọ́gbà níbẹ̀, ọ̀nà kan náà ni yóò gbà: oko àfihàn tí àgbẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí, orúkọ tí ìyàwó rẹ̀ lè fi béèrè ní ọjà, àti àlàyé òtítọ́ lórí ẹni tí ó ni èso ọdún tí ń bọ̀. Bí ó bá sì yẹ kí ó kọ̀ ọ́, ọ̀nà kan náà ni yóò fi kọ̀ ọ́, láìsí ariwo.

Iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kò sí ní ọwọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ìtumọ̀ òfin, ìtumọ̀ ìwé ìbéèrè fún àṣẹ, àti ọ̀rọ̀ tí yóò ya àgíríìkì sọ́tọ̀ kúrò lára àbùdá yíyí padà jẹ́ iṣẹ́ àwa tí a ń kọ́ èdè yìí ní yunifásítì. Bí a kò bá ṣe é, redíò àti àhesọ yóò bá wa ṣe é.

Òwe adìyẹ ni a fi bẹ̀rẹ̀, òwe adìyẹ mìíràn sì tún wà: àgbàdo inú ìgò, àwòmọ́jú adìyẹ. Àgbàdo wà níbẹ̀, ó dára, ojú ń rí i, ṣùgbọ́n ẹnu kò dé ibẹ̀. Láàárín òwe méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ irúgbìn tuntun wà. Àgbàdo tí ó dáyé tí ó sì di ti gbogbo adìyẹ ni àwọn baba wa gbà. Kí àwa tó sọ pé ọmọ wọn kọ sáyẹ́ǹsì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá inú ìgò ni a ti ń fi àgbàdo hàn án.